Corolla 2004 tí mo rà n'Íbàdàn: oṣù 14 rèé

Ẹ jẹ́ n tètè sọ iye rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè: ₦2,600,000, lọ́dún 2023. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílẹ̀ wa níbí ni, kì í ṣe tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọwọ́ mi ò tó tòkunbọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n lọ rà á ní Kùtọnu, ṣùgbọ́n ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2017, n ò sì fẹ́ ọkọ̀ tí màá máa fi sá fún aṣọ́bodè.

Alágbàtà kan ló kọ́kọ́ fẹ́ gbá mi mú. Ó ní Corolla 2006 lòun ní, ká wá wò ó láago mẹ́sàn-án. Aago méje ààbọ̀ ni èmi àti mẹ́káníìkì mi ti débẹ̀. Ọ̀gá mẹ́káníìkì ò tíì kí wọn tán tó fi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná.

"Ẹ ti jí i kí àwa tó jí," ló wí.

Alágbàtà ní búrẹ́dì lòun fi lọ rà. A ní kò burú, a jókòó tì í fún wákàtí méjì ààbọ̀ títí tó fi tutù. Bí wọ́n ṣe ṣáná sí i báyìí, èéfín búlúù ló tú jáde ní sáléńsà, tó ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná. Ọ̀gá tún lọ wo nọ́ńbà ṣáásí lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá dírẹ́bà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló máa ń wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún. 6 ló yẹ ká rí. 3 la rí. Alágbàtà bínú: "Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìṣirò lẹ wá ṣe?"

Lọ́wọ́ Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ní Bódìjà, ni mo ti wá rà á. Tiwọn, 4 ni, bí wọ́n ṣe wí. A fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìdí, kò ní àmì pé omi ti wọ ọkọ̀ náà rí. A ṣí kápẹ́ẹ̀tì búùtù, kò sí ẹrẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tí mo mú dání wá ń fi ìka kan ara ọkọ̀ káàkiri: gbàn, gbàn, gbàn. Ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì: gbì. Màmá ò jẹ́ ká béèrè. "Ọmọ mi, ọlọ́kadà ló forí sọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún ẹ." A yọ ₦150,000 nínú owó tí wọ́n pè. Orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ náà ló wà lórí àkáǹtì tí mo sanwó sí.

₦20,000 ni mo fún àwọn ọ̀gá méjèèjì, n ò sì náwó kankan tó dùn mọ́ mi tó o rí.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Gíà rẹ̀ dáa, kì í sì í mu epo jù. Ẹ́ńjìnnì 1.8 rẹ̀ máa ń mu ọ́ìlì díẹ̀, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ Sátidé. Ẹ̀rọ amúlétutù kú lóṣù kẹta, nínú gòsílóò Ṣáléńjì, lọ́sàn-án gangan. Àràròmi, ọjà páátì ọkọ̀ ní Agodi Gate, ni mo ti rí òmíràn. Ṣọ́kì iwájú náà ti lọ.

Màmá ṣì ń pè mí lóṣooṣù. Ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè.