Kámẹ́rà onífíìmù yín ti ń dàgbà: ṣé kí ẹ tún un ṣe ni, àbí kí ẹ ra òmíràn?

Kámẹ́rà Pentax K1000 tí bàbá mi fi ya gbogbo wa nígbà ìsọmọlórúkọ ni mo ṣì ń lò dòní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde nínú àpótí, fíìmù àkọ́kọ́ tí mo fi sí i jáde tòun ti ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fírí, ó ní ayé rẹ̀ ti tán, kí n wá ra èyí tó dára lọ́wọ́ òun.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo wò ó fínnífínní. Fòómù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ́ sínú kòtò etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ti yọ́ di nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ọ̀dà ojú títì lọ́sàn-án gangan. Mo fi igi ìtayín ha á díẹ̀díẹ̀, mo rẹ òwú sínú sípírítì, mo fi nù ún títí òwú náà fi ń jáde ní funfun. Mo gé fòómù tuntun, mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà mí. Láti ọjọ́ náà, n kò rí ìlà pupa mọ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kámẹ́rà yín ti kú, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló pa á. Ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ ni ẹ ó fi dájọ́, kì í sì í ṣe bí ara rẹ̀ ṣe họ tó. Ohun tó ń gbé e ṣiṣẹ́ nínú ni kí ẹ wò: ṣé sípíríìngì àti jíà ni, àbí iná bátìrì?

K1000 àti AE-1: ọdún kan náà, inú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ jẹ́ ká gbé kámẹ́rà méjì tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn kalẹ̀. Ọdún 1976 ni Pentax K1000 àti Canon AE-1 jáde. Aṣọ ni ṣọ́tà àwọn méjèèjì (ìyẹn ohun tó ń ṣí, tó sì ń pa dé, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí fíìmù), 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá sì ni èyí tó yá jù lórí àwọn méjèèjì. Téèyàn bá wò wọ́n láti ìta, á rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n bátìrì K1000, mítà ìmọ́lẹ̀ nìkan ló wà fún. Ẹ yọ bátìrì náà sọnù, ṣọ́tà á ṣì máa ṣí, á máa pa dé, láti ìṣẹ́jú àáyá kan títí dé 1/1000. Ohun tó máa ń ṣe é kò pọ̀: gíríìsì tó ti gbẹ, fòómù tó ti yọ́, mítà tó ti sú lọ. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ lè tú u, kó fọ̀ ọ́, kó fún un ní ọ́ìlì tuntun, kó sì tún ìyára ṣọ́tà rẹ̀ tò. Wọ́n ṣe é títí di ọdún 1997, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì wà káàkiri. Bí ẹ bá ní K1000 tí aṣọ ṣọ́tà rẹ̀ kò ya, ẹ fún un ní sáfíìsì. Èmi kò rí ìdí kankan tí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ti AE-1 yàtọ̀. Òun ni kámẹ́rà onídígí (SLR, èyí tí dígí inú rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ ríran gba inú lẹ́ǹsì) àkọ́kọ́ tó ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà nínú, bátìrì oní-fóòtì mẹ́fà (6V) ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀. Bátìrì kú, ṣọ́tà kò ní dún rárá. Mo ti rí àwọn tó ta AE-1 ní owó pọ́ọ́kú pé ó ti bàjẹ́, bátìrì lásán ló kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì.

AE-1 tún ní àìsàn kan tí kò ṣòroó dá mọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti yàwòrán, á dún “fíìn” bí ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà. Àwọn òyìnbó pàápàá ikọ́ fée ni wọ́n ń pè é. Ọ́ìlì jíà tó ń gbé dígí sókè ló ti gbẹ. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan, bí oníṣẹ́ bá kán an sí ojú ibi tó yẹ, ikọ́ náà á lọ. Ẹ má torí ìyẹn ta kámẹ́rà yín o.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé iná inú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe bátìrì, ló kú, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n bu ẹ̀yà ara òkú AE-1 mìíràn sí i, owó iṣẹ́ náà sì lè ju owó AE-1 mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lọ, nítorí pé ó pọ̀ nígboro. Níbi yìí, ẹ pààrọ̀ ara kámẹ́rà nìkan, ẹ fi lẹ́ǹsì yín pamọ́. Lẹ́ǹsì FD yín, irú èyí tí AE-1 ń lò, máa wọ AE-1 mìíràn, á wọ A-1 àti F-1 tí Canon ṣe. Kò ní wọ EOS, ìran kámẹ́rà Canon tó dé lẹ́yìn wọn, torí Canon yí ẹnu lẹ́ǹsì wọn padà ní ọdún 1987. Èèyàn púpọ̀ ló ti kó sí wàhálà níbẹ̀.

“Ra òmíràn”, òmíràn wo?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣirò nìyí. Bí ẹ bá pààrọ̀ fíríìjì, tuntun lẹ lè gbé wálé. Ti kámẹ́rà onífíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Canon dá títa EOS-1V dúró ní ọdún 2018, Nikon sì dá F6 dúró ní 2020. Leica dá M6 padà ní 2022, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lọ, lẹ́ǹsì kò sí lára rẹ̀. Pentax 17, tó jáde ní 2024, ló sún mọ́ àpò wa: nǹkan bí 500 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ìlàjì ojú fíìmù ló ń lò fún fọ́tò kan, fíìmù 36 á fún yín ní 72, bẹ́ẹ̀ fíìmù ti wọ́n lóde òní. Ó dára fún ẹni tó ń rin ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì fojú díwọ̀n bí ẹni tí ẹ ń yà ṣe jìnnà tó. Kò lè rọ́pò K1000 fún ẹni tó ń ya ojú èèyàn.

Nítorí náà, tòkunbọ̀ lẹ máa rà. Arúgbó lẹ ń fi pààrọ̀ arúgbó, èyí tí ẹ ń gbé wálé sì ní àìsàn tirẹ̀ tí ẹ kò tíì mọ̀. Bí ẹ bá ń ṣírò, ẹ má ṣe fi owó àtúnṣe tiyín wé iye tí wọ́n ń ta tòkunbọ̀ lásán. Ẹ fi owó sáfíìsì kún ti tòkunbọ̀ náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra, àyàfi bí ẹni tó ń tà á bá lè fi nẹ́gátíìfù tó yà láìpẹ́ hàn yín.

Bí ẹ bá ti dé iwájú òǹtàjà, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 1/1000. Ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ tó tàn kárí ojú ihò náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣókùnkùn, aṣọ ṣọ́tà méjèèjì kò bára wọn rìn mọ́. Ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń wọ̀. Bó bá dógùn-ún tó ní àwọ̀ ewé, ẹ bi í léèrè. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn, èbu ló ti hù síbẹ̀. Lẹ́ǹsì púpọ̀ lèbu ti bà jẹ́ ní Èkó, pàápàá èyí tí wọ́n tì mọ́ inú àpò aláwọ nígbà òjò. Bí èbu bá ti jẹ ojú dígí, ẹ fi lẹ́ǹsì náà sílẹ̀ fún un.

Kí n tó gbàgbé, ẹni tó bá ní Olympus OM-1: wọn kò ta bátìrì mẹ́kúrì oní-fóòtì 1.35 tí wọ́n ṣe mítà rẹ̀ fún mọ́. Oní-fóòtì 1.5 tí ẹ ń rà máa ń ṣi mítà lọ́nà. Bátìrì 675 tí wọ́n ń fi sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sún mọ́ ti àtijọ́ dáadáa. Mítà yín lè má kú rárá.

Ní ti àwọn kámẹ́rà kéékèèké tó ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra wọn, irú Olympus mju II àti Contax T2, èrò mi kò pọ̀. Iná ni wọ́n láti òkè délẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Contax sì ti pa á tì láti 2005. Bí tiyín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ máa gbádùn rẹ̀. Bó bá kú, ẹ má náwó ńlá lé e lórí, ẹ má sì fi owó gọbọi ra òmíràn.

Bí ẹ bá yan àtúnṣe

Ẹ bi oníṣẹ́ pé oṣù mélòó ló máa fi dúró lórí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbà á lórí ìwé. Ẹnì kan ti gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi fún oṣù márùn-ún rí, ó dá a padà pẹ̀lú ẹnu síkúrúù tó ti họ, ṣọ́tà sì ń lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò ní ìwé kankan tí mo lè fi bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á padà, ẹ fi fíìmù aláwọ̀ dúdú-àti-funfun kan sí i. Ẹ dúró síwájú ògiri kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, kí ẹ ya ibì kan náà ní 1/1000 lórí f/2 (nọ́ńbà f ló ń sọ bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), 1/500 lórí f/2.8, 1/250 lórí f/4, 1/125 lórí f/5.6, 1/60 lórí f/8. Iye ìmọ́lẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, nẹ́gátíìfù márààrún gbọ́dọ̀ dúdú bákan náà. Èyí tó bá dúdú ju àwọn yòókù lọ, ṣọ́tà ń lọ́ra níbẹ̀. Èyí tó bá ṣá, ó ń yára jù. Ẹ fi gègé sàmì sí i, kí ẹ sì mú un padà lọ bá oníṣẹ́ kí oṣù tó kọ sínú ìwé tó pé.