Pug, Lhasa, èkúkẹ̀: èwo ló lè fara da oòrùn Abẹ́òkúta?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ajá kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú, ẹ jọ̀ọ́, imú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu ló fi ń lé ooru jáde: á yọ ahọ́n, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Pug àti French Bulldog, àwọn ajá tí imú wọn wọnú, ńkọ́? Ihò imú wọn há, ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu wọn sì gùn débi pé ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Wàhálà tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó rí èémí fà ló tún ń mú ara wọn gbóná sí i. Bí wọ́n bá wá sanra, ó burú jùyẹn lọ.

Mo fojú ara mi rí i nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbarà, lóṣù kẹta. Kò síná, páànù ń ta pá-pá-pá. Pug wọn nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, ó ń hanrun, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ti ki, ahọ́n rẹ̀ sì ti dà bí ẹni pé ó lá aró àdìrẹ. A da omi sí i lára, à ń fi páálí fẹ́ ẹ títí a fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè rí i. Nínú ọgbà kan náà, èkúkẹ̀ aládùúgbò ti gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, ó sùn sínú rẹ̀ fọnfọn. Imú rẹ̀ gùn, irun rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Lhasa wà láàárín. Imú tirẹ̀ kò wọnú tó ti Pug, àmọ́ irun rẹ̀ pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa gé e. Ológbò Persian, tí imú tirẹ̀ náà wọnú, lè ní irú ìṣòro èémí yìí; bí ológbò bá ń fi ẹnu mí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Èmi ò ní ra Pug fún ilé tí kò ní sólà tàbí ẹni tó ń wà nílé lọ́sàn-án. Ara ajá tó dá ṣáká kì í ju nǹkan bíi 39°C lọ. Tó bá ti wọ 41, ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Èkúkẹ̀ ni mo fara mọ́.

Bó bá jẹ́ Pug náà lọkàn yín fẹ́, ọ̀sán ni kí ẹ lọ wò ó, kì í ṣe àárọ̀ kùtù. Ṣé ihò imú rẹ̀ ṣí dáadáa, àbí ó dà bí ìlà tí wọ́n fi abẹ fà? Ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí èémí rẹ̀. Bí ó bá ń hanrun lójú ayé, tí olùtà sì ní "bí irú wọn ṣe ń mí nìyẹn", ẹ dá owó yín padà sápò.