Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní lésà lòun fi ń gé irin ní Iléṣà!

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tó ń ṣe ẹ̀rọ gààrí, ẹ dákun ẹ gbọ́. Owó mi ti lọ, ₦248,000 gbáko, mi ò sì fẹ́ kí ti ẹlòmíì tún bá a lọ.

Pléètì 16 ni mo ní kí ó fi lésà, ìmọ́lẹ̀ líle tí ẹ̀rọ ń darí, bá mi gé, èyí tí bẹ́ẹ́rìn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin pákí máa ń jókòó sí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rọ mẹ́jọ, àwọn ìyá onígààrí ti san àsansílẹ̀. Bẹ́ẹ́rìn nọ́ńbà 6205 ni mo ń lò, gbogbo wa la mọ̀ pé mílímítà (mílì) 52 ni fífẹ̀ ìta rẹ̀. Mo ya á sínú ìwé: pléètì mílì 10, 200 sí 200, ihò àárín 51.5, kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, lè fá ìyókù. Mo tún pè é, mo ní, "Àbúrò, 51.5 o." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, lésà ni, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn."

Lésà! Lésà wo?

Ọjọ́ tí ẹrù dé, ọmọ iṣẹ́ mi mú bẹ́ẹ́rìn kan, ó fi sínú ihò. Bẹ́ẹ́rìn gba inú ihò já bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ọmọ náà wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Ojú tì mí.

Mo fa kálípà tí a fi ń wọn ihò yọ: lókè 54, nísàlẹ̀ 53. Ihò kan ò bá ìkejì mu. Ìdàrọ́ lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ gbágbágbá, ó sì ya ọmọ náà lọ́wọ́. Ojú ibi tí lésà bá gbà kọjá kì í tó mílì kan, etí rẹ̀ á sì mọ́. Iná gáàsì tí wọ́n ń fọwọ́ darí ni wọ́n fi gé tèmi! Ihò tó bá kéré, tọ́nà á fá a. Èyí tó ti tóbi jù ńkọ́, ta ni yóò dá irin padà sí i?

Kò tán síbẹ̀ o. Nínípọn rẹ̀, mílì 8! Mo gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran: èyí tó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 3, kílò 2 àti díẹ̀ ni. Ó ba iṣẹ́ mi jẹ́, ó tún jí irin mi.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo san gbogbo owó láì dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo mọ̀. Ọdún 17 nídìí wẹ́dà, ó yẹ kí n gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń jí lóru nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó kọ́kọ́ mú wá, èmi fúnra mi wọ̀n ọ́n, 51.5 géérégé, etí rẹ̀ ń dán. Ó fi fídíò ẹ̀rọ hàn mí, ó ní tòun ni. Ta ni nínú yín tí kò ní san? Kì í ṣe ojúkòkòrò, iye rẹ̀ kò dín sí ti Èkó! Ìgbà tí mo wá dé ibẹ̀, sílíńdà gáàsì méjì ni mo bá.

Ẹ má san ju ìdajì lọ. Ẹ fojú ara yín rí ẹ̀rọ náà níbi tó ti ń gé irin. Ẹ mú kálípà dání, ẹ wọn òkè, ẹ wọn ìsàlẹ̀, kì í ṣe pléètì kan ṣoṣo. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ẹni tó mú mi mọ̀ ọ́n, tó ní "ọmọ dáadáa ni," kò gbé fóònù mi mọ́. Èló ló jẹ níbẹ̀? Ọ̀kan náà ni gbogbo alágbàtà irin yìí, mi ò gba ìkankan nínú wọn gbọ́ mọ́.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí. Aago méje àárọ̀ ọ̀la, màá tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú pléètì 16 náà. Ẹni tí ọkùnrin yìí bá ti jẹ lówó rí, kó pè mí, ká jọ lọ.