Online Volunteering ti UNV: Àǹfààní àti Àléébù Rẹ̀ fún Ọ̀dọ́ Òṣogbo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń parí ẹ̀kọ́ ní UNIOSUN, àti ẹ̀yin agùnbánirọ̀ tí wọ́n pín sí Òṣogbo, púpọ̀ nínú yín ló ń lé íńtánṣíìpù àjọ UN. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí ná. Ní Secretariat UN, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó iṣẹ́ àjọ náà lójoojúmọ́, kò sówó oṣù fún ẹni tó bá ń ṣe íńtánṣíìpù. Físà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé, oúnjẹ, inṣọ́ránsì ìlera, ọrùn onítọ̀hún ni gbogbo rẹ̀ wà, fún oṣù 2 títí dé 6. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba kò lè rí owó ìyẹn san ní Geneva, níbi tí UN ní ọ́fíìsì ńlá sí, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la ṣe yẹ Online Volunteering wò, ètò àyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì tí UNV ń ṣe.

UNV ni ẹ̀ka UN tó ń rí sí àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Ọdún 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Bonn ní Jámánì sì ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Láti ọdún 2000 ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ kan kì í kọjá ọ̀sẹ̀ 12, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Ìtumọ̀ èdè wà níbẹ̀, ìwé kíkọ àti títún un ṣe, ìwádìí, yíya àwòrán ìkéde, ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọn kì í sanwó, dátà sì di tiyín. Àmọ́ wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, tàbí owó kí orúkọ yín lè jáde, gbájúẹ̀ ni.

Ìforúkọsílẹ̀, ní app.unv.org, ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Orúkọ tó wà lórí pásípọ́ọ̀tù tàbí NIN ni kí ẹ kọ, kó má baà yàtọ̀ sí ti ìwé yín nígbà tí ìwé ẹ̀rí bá dé. Ẹ to ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ yín pẹ̀lú oṣù àti ọdún rẹ̀. Lórí èdè, ẹ má purọ́: ẹni tó gbọ́ Faransé díẹ̀ tó wá kọ pé òun gbọ́ ọ yanjú, ìpàdé àkọ́kọ́ ló máa tú àṣírí rẹ̀. Ẹ kọ Yorùbá náà sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tó fi yẹ kí wọ́n mú yín ló le jù. “Mo fẹ́ràn láti máa ran aráyé lọ́wọ́” kò yà yín sọ́tọ̀ láàárín èrò. Ká ní ẹni tó máa to àkọsílẹ̀ sí Excel ni wọ́n ń wá, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Mo to èsì ìwádìí lórí kànga 40 sí Excel fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo yọ èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò, mo sì fi pivot table ṣe àròpọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan.” Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ti tó. Ẹ mú ohun tí wọ́n béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dáhùn wọn bí wọ́n ṣe tò ó. Orí fóònù ni kí ẹ ti kọ ọ́ tán ná kí ẹ tó dà á sínú fọ́ọ̀mù. Bí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ohun tí ẹ kọ tààrà síbẹ̀ lè pòórá.

Bí wọ́n bá mú yín, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe kókó. Ẹ fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín: kí ni ẹ máa fi jíṣẹ́, ọjọ́ wo, irú fáìlì wo, ta ló máa fọwọ́ sí i? Iṣẹ́ náà sábà máa ń dojú rú nítorí pé iṣẹ́ mìíràn pọ̀ lọ́rùn ẹni tó gbé e kalẹ̀, kò sì ráyè máa lé yín kiri. Bí ẹ bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbàgbé yín nìyẹn. Ẹ máa fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́rin.

Ẹ ṣọ́ aago pẹ̀lú. Aago 9 àárọ̀ ní Nairobi, aago 7 ni ní Òṣogbo. Ìpàdé fídíò wákàtí kan lè jẹ ju ìdajì GB lọ. Ẹ pa fídíò, kí ẹ fi ohùn nìkan ṣe é.

Ìwé ẹ̀rí máa ń wá bí iṣẹ́ bá parí. Online Volunteer ni kí ẹ kọ sí CV, ẹ má kọ òṣìṣẹ́ UN, nítorí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ kọ iye wákàtí sí i.

Nínú 5, a fún ètò yìí ní 4. Ohun tó gba máàkì kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ẹ ò ní fojú kan àwọn tí àjálù ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó ń gbani sí iṣẹ́ ìrànwọ́ lè bi yín ní ìlànà Sphere, ìyẹn òṣùwọ̀n tó kéré jù tí àwọn àjọ ìrànwọ́ ń tẹ̀ lé níbi àjálù: omi lítà 15 ó kéré tán fún ẹnì kan lójúmọ́, ṣáláńgá kan fún èèyàn 20, ààyè abẹ́ òrùlé tó fẹ̀ tó square mítà 3.5 fún ẹnì kan. Ẹ ò ní rí ìyẹn kọ́ nídìí ìtumọ̀ ìwé. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀ka Ọ̀ṣun ti Nigerian Red Cross kún un, kí ẹ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Lórí Kaya, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìrànwọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́ KoboToolbox náà, ohun èlò tí wọ́n fi ń gba èsì ìwádìí jọ: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa ṣe fọ́ọ̀mù ìwádìí, ẹ ó sì gbé e lọ sí abúlé tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí fóònù, títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ti lè fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹni tí kò bá sì lè ṣiṣẹ́ láìgbowó rárá, ètò yìí kọ́ ló máa bá a mu. Íńtánṣíìpù UNICEF, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ni kí onítọ̀hún máa ṣọ́, torí UNICEF máa ń fún àwọn tirẹ̀ lówó ìtìlẹ́yìn.