Lọ́yà tó bá wa ṣe ìwé ogún bàbá wa n'Íkòròdú

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo rí i pé àwọn èèyàn ń bèèrè lọ́yà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ogún dáadáa lápá Ìkòròdú níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ṣe tiwa, ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní Sábó, ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà kó bọ́ sí ínbọ́ọ̀sì mi.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni pé kì í ṣe owó ló kọ́kọ́ dárúkọ. Màmá wa ò lè gun àtẹ̀gùn láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe wọ́n, òun fúnra ẹ̀ ló wá bá wa nílé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé, "Ẹ má bínú o Màmá, irú ìgbéyàwó wo lẹ̀yin àti Bàbá ṣe?" Ó ní tó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, àṣà la máa fi pín in, ìdí-igi (ká pín in ní iye ìyàwó tó bímọ fún Bàbá) tàbí orí-ò-jorí (ká pín in ní iye ọmọ), àwọn ọmọ ló ni ín, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti kọ́ọ̀tù, òfin Èkó fún ìyàwó ní ìpín tiẹ̀. Màmá ní ká fa báàgì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sátífíkéètì ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù wọn wà nínú ọ̀rá, wọ́n ká a sí mẹ́rin, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ẹ̀ ya tán. Tí kò bá bèèrè, ta ló máa rántí ìwé yẹn?

Báńkì ti dá bùrọ̀dá mi padà nígbà yẹn tó lọ bèèrè owó Bàbá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ni next of kin. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o, next of kin kì í ṣe ẹni tó máa jogún, ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Tí kò bá sí wíìlì, Letter of Administration lẹ máa gbà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, Probate Registry, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní High Court n'Íkẹjà, la ti ṣe tiwa. Fọ́ọ̀mù wà tí báńkì máa kọ iye tó wà nínú àkáǹtì sí tí wọ́n á buwọ́ lù, ẹ máa mú oníìdúró wá, wọ́n á tún gbé e sínú ìwé ìròyìn bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ sọ.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ìtọ́jú Màmá. Obìnrin tó ń gbé tì wọ́n ń gba owó oṣù, pampers ń bẹ, oògùn ń bẹ, ẹni tó ń bá wọn na ẹsẹ̀ náà ń bẹ, àwa ọmọ la sì ń dá a, ẹni tó wà ní Kánádà ti ń kùn, àǹtí mi tó ń sùn tì wọ́n lóru kò sẹ́ni tó rí tiẹ̀ rò. Lọ́yà ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé rẹ́ǹtì àwọn ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ìtọ́jú Màmá ló máa kọ́kọ́ gbà kí ẹnikẹ́ni tó pín kọ́bọ̀, kí àǹtí mi náà máa gba nǹkan lóṣooṣù, kí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ máa fi àkáǹtì han gbogbo wa. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Látìgbà yẹn ni ariwo ti dínkù lórí WhatsApp ẹbí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ká má parọ́, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, àmọ́ ó ya ti kọ́ọ̀tù sọ́tọ̀ sí tiẹ̀, rìsíìtì sì wà fún gbogbo ẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ máa pe fóònù títí kò ní gbé e, ẹ kúkú lọ síbẹ̀ láàárọ̀.

Àbúrò bàbá wa ti lọ ṣe wíìlì tiwọn lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí. Lọ́yà ní káwa ọmọ jáde nínú yàrá, ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín kankan níbẹ̀ ló pè, torí ẹni tó bá jẹ́rìí sí wíìlì, ohun tí wọ́n bá kọ fún un nínú ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ nítorí ogún ẹni tó ti kú, ẹ mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí ikú dání, fọ́tòkọ́pì nìkan ò tó.