Àgbéyẹ̀wò ELM327: ẹ má tíì pa iná chẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì

ELM327, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí fóònù yín ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ ó kì í bọ ihò OBD2, ihò tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà, ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ ó so fóònù mọ́ ọn pẹ̀lú Bluetooth, 1234 tàbí 0000 ló sábà máa ń béèrè, ẹ ó sì ṣí Torque, áàpù Android tó ń ka ọkọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò yìí, nítorí náà Corolla tokunbọ̀ tó kún títì wa kò ní í bá a jà. Ẹni tó ń lo iPhone, kó wá èyí tó ní Wi-Fi tàbí BLE (Bluetooth tí kì í jẹ iná púpọ̀). Bluetooth lásán kò ní dá a lóhùn.

Pípa iná chẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ń fi í ṣe. Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá yẹn, torí ẹni tó bá pa iná náà ti pa ohun tí brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ti kọ́ nípa ọkọ̀ náà pọ̀ mọ́ ọn. Yíyọ orí bátìrì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Short Term Fuel Trim àti Long Term Fuel Trim, nọ́ńbà tó ń sọ iye epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síta. Afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ni brain box ń wá, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló sì ń ta á lólobó. Short Term kì í dúró lójú kan. Bí àtúnṣe kan náà bá ń wáyé léraléra, brain box á kó o sínú Long Term, kò sì ní gbàgbé bí ẹ bá pa ọkọ̀. +12 ni pé ó ń fi epo ìdá 12 nínú 100 kún ti ìpilẹ̀. Láàárín -10 sí +10, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ti ń kọjá +20, P0171, kóòdù pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, ò jìnnà mọ́.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti tó owó rẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa AC, ẹ ka Fuel Trim ní sílò (ìgbà tí ẹ kò tẹ tọ́tù), kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 RPM kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Bí +18 ní sílò bá já sí +4, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé lẹ́yìn MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì: ọ́ọ̀sì tó ya, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì manifold. Ihò yẹn kì í tóbi sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, ni ipa rẹ̀ fi ń dínkù. Àmọ́ tó bá ń gòkè bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, MAF ló dọ̀tí tàbí pọ́ńpù epo ló ti ń rẹ̀. Ní sílò, MAF ẹ́ńjìnnì 1.8 tó ti gbóná máa ń ka nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíltà olóròóró tí àwọn ọmọ eléré-ìje fẹ́ràn lè ta òróró sára wáyà MAF, á wá máa ka afẹ́fẹ́ kéré ju bó ṣe wà.

Àṣírí tó ń tú jù ní ọ̀dọ̀ wa ni tẹ́mọ́sítáàtì tí mẹkáníìkì yọ dànù "kí ọkọ̀ má baà gbóná." Coolant Temperature, ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì, yẹ kó wà ní bíi 80 sí 95 lórí Celsius, lórí ẹsípírẹ́ẹ̀sì ẹ lè rí 65. Brain box á gbà pé ẹ́ńjìnnì ò tíì móoru, epo á máa lọ, ẹ ó sì máa ra sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣẹ nǹkan kan. Àwọn tó gé kátálísì tà, P0420, kóòdù pé kátálísì kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ni tiwọn.

Ẹ̀gàn rẹ̀: ayédèrú pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ v2.1 sí lára ni kò mọ gbogbo àṣẹ ELM327, wọn á kàn máa wá brain box kiri láìrí i. Ẹ má retí ABS tàbí airbag lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, torí ihò yẹn ní iná kódà tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́.

Ìgbà tí ẹ bá tún ọkọ̀ ṣe tán ni kí ẹ tó tẹ Clear. Ẹ wá wà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti lórí eré, kí ẹ tún Long Term kà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí sílò bá ń gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì sáré padà sọ́dọ̀ riwáyà, brain box ṣì ń kọ́ ọkọ̀ náà lákọ̀tun ni.