Ṣọ́ọ̀bù, òkìtì, íntánẹ́ẹ̀tì àbí pàṣípààrọ̀: níbo ló yẹ kẹ́ ẹ ti wá aṣọ àlòkù?

Iye tí wọ́n pè fún aṣọ àlòkù kọ́ ni iye tó máa ná yín. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ tàbí owó ìfiránṣẹ́ mọ́ ọn, ẹ ṣírò owó télọ̀, ẹ ṣírò ọṣẹ, kẹ́ ẹ wá fi àkókò tẹ́ ẹ fi wá a lé e. Ọ̀nà mẹ́rin tí a fẹ́ fi wéra yìí, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù, òkìtì aṣọ tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ́jà, íntánẹ́ẹ̀tì, àti pàṣípààrọ̀ níbi táwọn èèyàn ti ń kó aṣọ wọn wá láti fi gba ti ẹlòmíì, ò pín ìnáwó náà bákan náà. Ibì kan á gba owó lọ́wọ́ yín, ibòmíì á gba àkókò, ibòmíì á ní kẹ́ ẹ fara da ewu. Ẹni tó bá mọ èyí tí òun lè yọ̀ǹda ló máa gbádùn àlòkù.

| | Ṣọ́ọ̀bù | Òkìtì | Íntánẹ́ẹ̀tì | Pàṣípààrọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ṣé ẹ lè wọ̀ ọ́ wò? | Bẹ́ẹ̀ ni | Lórí aṣọ tó wà lọ́rùn yín | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni |
| Owó | Kò wọ́n, kò pọ̀ | Ọ̀pọ̀ gan-an, ẹ sì lè nájà | Kò dúró sójú kan. Owó ìfiránṣẹ́ ń bẹ lẹ́yìn | Aṣọ ni ẹ fi ń ra aṣọ |
| Àkókò | Díẹ̀ | Púpọ̀ | Díẹ̀ lóòjọ́, àmọ́ lójoojúmọ́ | Ọ̀sán kan, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan |
| Tí kò bá dáa ńkọ́? | Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó | Ẹ ti jẹ ẹ́ nìyẹn | Ó kù sọ́wọ́ òfin ibi tẹ́ ẹ ti rà á | Ẹ gbé e wá nígbà mìíràn |

Ẹ wọn aṣọ kẹ́ ẹ tó jáde

Nọ́ńbà tó wà lọ́rùn aṣọ ò ṣe é gbára lé. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìwọ̀n náà sì ń fẹ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún: síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ 12 sí ní ogójì ọdún sẹ́yìn lè má kọjá ìbàdí ẹni tó ń wọ 12 lónìí. Aṣọ náà sì lè ti súnkì nínú omi gbígbóná kó tó dọ́wọ́ yín.

Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì kan àti sòkòtò kan tó bá yín mu dáadáa, ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì, kẹ́ ẹ fi téèpù télọ̀ wọ̀n wọ́n. Lára ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ wọn abíyá sí abíyá, èjìká sí èjìká, àti gígùn ọwọ́. Lára sòkòtò, ẹ wọn ìbàdí, ibi tí itan ti fẹ̀ jù, láti ojú rírán abẹ́ dé ìgbànú níwájú, kẹ́ ẹ tún wọn láti ojú rírán abẹ́ náà dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ìlọ́po méjì abíyá sí abíyá ni yípo àyà: aṣọ tó jẹ́ ínṣì 20 nígbà tẹ́ ẹ tẹ́ ẹ, ínṣì 40 ni yípo rẹ̀. Bí aṣọ náà kì í bá fà, ó yẹ kó fi ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin tóbi ju àyà yín lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì á máa yanu ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù.

Nínú gbogbo wọn, èjìká ni kẹ́ ẹ má ṣe fi ṣeré. Télọ̀ lè gba ìbàdí wọlé, ó lè ká ẹsẹ̀ sòkòtò. Ṣùgbọ́n kó tó lè dín èjìká kóòtù kù, ó ní láti tú ọwọ́ kóòtù àti aṣọ inú rẹ̀, owó iṣẹ́ yẹn sì sábà máa ń ju owó kóòtù lọ.

Ṣọ́ọ̀bù àti òkìtì

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti fi aṣọ kọ́ sórí hángà ló dẹrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì ti bá yín ṣa èyí tó ya kúrò, dígí wà níbẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti lè wọ̀ ọ́ wò wà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ti àwọn àjọ aláàánú. Goodwill bẹ̀rẹ̀ ní Boston lọ́dún 1902. Ṣọ́ọ̀bù Oxfam àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ọjà títà ní Oxford ní ìparí ọdún 1947. Iṣẹ́ àánú ni wọ́n ń fi èrè rẹ̀ ṣe, ìdí nìyẹn tí nínájà ò fi bójú mu níbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá rí àléébù tí òṣìṣẹ́ wọn ò rí. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbé ọjà tuntun jáde. Ìbéèrè tí kò náni ní nǹkan kan ni, ó sì sàn ju kẹ́ ẹ máa yà níbẹ̀ lójoojúmọ́ lọ.

Òkìtì ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹsẹ̀ tó lè dúró pẹ́. Kété tí wọ́n bá tú béèlì ni ojúlówó wà lókè, ìgbà náà náà sì ni ọlọ́jà kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀dínwó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbàǹjo ti dé, ṣùgbọ́n ọwọ́ púpọ̀ ti kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá nǹkan pàtó, kó tètè dé. Ẹni tó kàn fẹ́ ṣa ohun tó bá rí, kó pẹ́ dé.

Ẹ má fi ojú wá aṣọ nínú òkìtì, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wá a. Àwọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ, aṣọ pupa á sì máa pe ojú yín títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ìka yín ṣe àṣàyàn: ọ̀gbọ̀ máa ń tutù, bẹ́ ẹ bá sì fún un mọ́wọ́, á rún, irun àgùntàn máa ń wú padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fún un, ṣẹ́dà máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ara yín á sì tètè mú un gbóná. Èyí tí ìka bá dúró lé lórí ni kẹ́ ẹ fà jáde kẹ́ ẹ wò.

Àyẹ̀wò kan náà ni fún ibi méjèèjì, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ gbé aṣọ sókè sí ìmọ́lẹ̀, torí ihò òólá kéré, níbi tẹ́ ẹ bá sì ti rí ọ̀kan, ẹ wá èkejì. Ẹ yí i sódì, kẹ́ ẹ wo abíyá àti inú kọ́là; àbàwọ́n òógùn tó ti pọ́n, tó sì ti le, kì í sábà kúrò mọ́. Ẹ na aṣọ ibi tí itan méjèèjì ti ń ha ara wọn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ti fẹ́ ya. Ẹ fa síìpù dé òkè, ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tún pa á dé kẹ́ ẹ na aṣọ sọ́tùn-ún sósì. Tí eyín rẹ̀ bá là, tí kò sì sí eyín tó ká, orí rẹ̀ ló ti ṣí, ẹ̀mú lásán lè fún un padà. Tí eyín bá ti ká, ẹ ka owó síìpù tuntun mọ́ ọn. Ẹ na rọ́bà ìbàdí nítòsí etí. Èyí tó ń dún rẹrẹrẹ, tí kò sì padà sáyè rẹ̀, ti kú. Ẹ fi èékánná ha ibi tí báàgì ti ń ká. Awọ gidi lè sán, ìpara á ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n awọ àdàmọ̀dì tó ti ń bó bí èèpo ò ní ìwòsàn.

Ní ti bàtà, èyí tó dà bíi tuntun jù lọ lè jẹ́ èyí tó burú jù. Àtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi polyurethane (irú fóòmù kan) ṣe, irú èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ bàtà eré ìdárayá àti bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè, máa ń jẹrà láti inú nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bàtà tó ti sùn sínú páálí fún ọdún mẹ́wàá láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ gidigidi. Bó bá wọlé tí kò wú padà, bó bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tàbí bí ìlà wínníwínní bá là lójú rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Bàtà tí wọ́n rán àtẹ́lẹ̀ awọ mọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹ̀ ọ̀hún sì ṣe é pààrọ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú gan-an sì ni íntánẹ́ẹ̀tì gbà lọ́wọ́ yín. Ohun tó fi dípò rẹ̀ ni pé ọjà gbogbo ayé wà níwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí ojúlé ìtajà eBay ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, tí Vinted sì tẹ̀ lé e láti Lithuania lọ́dún 2008, èèyàn lè wá bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó jábọ́ lára kóòtù àtijọ́, kó sì rí i.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kẹ́ ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: irú sòkòtò jíǹsì tẹ́ ẹ ti ní, báàgì, bẹ́líìtì, kóòtù tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bàtà ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò wọ̀ rí, ẹ lọ rà á níbi tẹ́sẹ̀ yín lè wọ inú rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya àwòrán ibi tí kì í fẹ́ yà: abíyá, ìdí sòkòtò, abẹ́ bàtà, àmì ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ ní kó fi téèpù lé aṣọ náà nínú àwòrán. Ẹni tó bá ní òun ò ní téèpù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ń ka ohun táwọn oníbàárà kọ nípa rẹ̀, èyí táwọn tínú ń bí kọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Bó bá sì ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ owó níta, kó lè dín in kù fún yín, ẹ sá. Ààbò tí ojúlé ìtajà náà ṣe fún oníbàárà kì í tẹ̀ lé owó tó gba ìta lọ.

Ọgbọ́n ìwákiri kan wà tó ń mú ọ̀pọ̀ wá: ẹ ṣi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kọ. Ọjà tí ẹni tó ń tà á kò mọ orúkọ rẹ̀ kọ, àwọn tí ẹ jọ ń wá a ò ní rí i, kì í sì í wọ́n.

Nígbà tẹ́ ẹ bá gbé e délé

Ẹ má kó o wọ àárín aṣọ yòókù. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ dì pa títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Ìdun ò lè fara da ooru: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ tó gbóná gan-an á pa á tẹyin tẹyin. Irun àgùntàn ò gbọ́dọ̀ rí irú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi sínú fíríìsà tó tutù dé -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí òólá àti ẹyin rẹ̀ lè kú. Fún òórùn àpótí, ife fínígà funfun kan nínú omi ìṣanṣọ ìkẹyìn ti tó. Ẹ má da fínígà pọ̀ mọ́ bílíìṣì láéláé, torí èéfín olóró ló ń ti ibẹ̀ jáde. Aṣọ tó ti bu, tí òórùn bíbu náà sì ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ má rà á rárá.

Bí wọ́n bá ti gé àmì ìfọṣọ kúrò, ẹ fa fọ́nrán kan yọ lára aṣọ náà fúnra rẹ̀ nínú ojú rírán, kì í ṣe okùn tí wọ́n fi rán an, kẹ́ ẹ fi iná sí i lórí àwo. Aṣọ òwú (kọ́tìnnì) máa ń rùn bíi bébà tó ń jó, irun àgùntàn bí irun orí, pọliẹ́sítà á yọ́, á sì di kókó líle.

Pàṣípààrọ̀ àti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é

Ibi kẹrin yìí la fẹ́ràn jù, a ò sì ní fi bò. Òun nìkan lẹ ti ń pàdé ẹni tó wọ aṣọ náà kẹ́ ẹ tó gbà á, tó lè sọ fún yín pé ó ń ṣí àwọ̀ tàbí pé ó ń yún ni lọ́rùn.

Èèyàn mẹ́wàá sí ogún ló dáa jù. Kí oníkálukú mú aṣọ márùn-ún wá, kó jẹ́ fífọ̀, kó sì jẹ́ lílọ̀. Aṣọ kan tẹ́nì kan bá mú wá, tíkẹ́ẹ̀tì kan tó máa fi mú òmíràn. Kóòtù àti bàtà awọ, méjì méjì. Kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò, torí bí ẹnì kan bá kó àkísà wá tó sì kó ojúlówó lọ, àwọn tó kù ò ní wá mọ́. Ẹ to aṣọ bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe rí. Ní ìpele àkọ́kọ́, aṣọ kan ṣoṣo ni kí oníkálukú mú. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀. Ìṣòro tó sábà máa ń dà á rú ni pé àwọn tí ara wọn tóbi tàbí tó kéré jọjọ kì í rí nǹkan mú, nítorí náà ẹ bèèrè ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó pe èèyàn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó kéré tán, ẹni mẹ́ta wà nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí ibi tí àṣẹ́kù ń lọ.

Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí àwọn tẹ́ ẹ ó jọ máa wá ọjà. Ẹni tí ìwọ̀n yín ò pa pọ̀ ló dáa jù láti bá jáde: kò ní já aṣọ gbà mọ́ yín lọ́wọ́, á sì máa pè yín tó bá rí tiyín. Ẹ fún ara yín ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ sínú fóònù, ohun kan tàbí méjì tí oníkálukú ń wá, àti iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó bá rí i á fi àwòrán ránṣẹ́, á dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí kò bá sí èsì, á gbé e sílẹ̀. Iye tó rà á gan-an ni kó gbà, kẹ́ ẹ sì san án lọ́jọ́ náà. Bó bá fẹ́ jẹ èrè lórí rẹ̀, kò burú, kó ṣáà ti sọ ọ́ kó tó rà á.